“Kí ìjọba gbà wá” kì í ṣe ojútùú: àlàyé lórí àròkọ ìṣòro àti ọ̀nà àbáyọ

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán nínú ìdánwò. Wọ́n á dárúkọ ìṣòro kan, wọ́n á ní kí ẹ sọ ohun tó fà á, kí ẹ sì dá àbá bí a ṣe lè yanjú rẹ̀. Lónìí ó lè jẹ́ ọ̀rá tó dí gọ́tà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin), lọ́la ó lè jẹ́ omi mímu ní Kétu tàbí iná tó ń jó oko kajú ní Ṣàbẹ́. Àwọn tó ti kúrò nílé ìwé náà ń bá a pàdé: ẹgbẹ́ àdúgbò tó fẹ́ kọ̀wé sí mérì (ilé-iṣẹ́ ìjọba ìlú), ẹni tí wọ́n pè wá sọ̀rọ̀ lórí rédíò, akọ̀wé ẹgbẹ́ ìyálọ́jà tó ń wá ìrànlọ́wọ́. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, orúkọ rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú kò fara sin. Wọ́n á fi ojú ewé méjì sunkún ìṣòro náà, wọ́n á wá fi ìlà mẹ́ta yanjú rẹ̀: kí ìjọba gbà wá, kí àwọn òbí kìlọ̀ fún ọmọ wọn, kí oníkálùkù yí ìwà padà. Ẹ lè gé ìlà mẹ́ta yẹn lẹ mọ́ àròkọ lórí ibà, lórí oyún ọmọdé tàbí lórí ìjàm̀bá ọkọ̀, ibi gbogbo ni yóò bá mu, nítorí kò ti inú ìṣòro kankan jáde. Ohun tó sọnù ni afárá tó wà láàárín ìṣòro àti ojútùú, ìyẹn okùnfà. Ibẹ̀ la ó ti pẹ́ jù nínú àlàyé yìí.

Ohun tí wọ́n béèrè gan-an

Àròkọ yìí kì í ṣe ìtàn, kì í sì í ṣe àríyànjiyàn. Nínú àríyànjiyàn, ẹ lè gbè sẹ́yìn apá kan kí ẹ sì borí. Níhìn-ín, kò sẹ́ni tó ń bá yín jiyàn pé omi tó dúró lójú ọ̀nà kò dára. Ohun tí òǹkàwé fẹ́ mọ̀ ni ìdí tó fi dúró, àti ẹni tó lè mú un lọ.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń pàṣẹ nínú ìbéèrè náà. Bó bá ní “ṣàlàyé ohun tó fà á, kí o sì dá àbá,” wọn kò béèrè àbájáde, ìpínrọ̀ kúkúrú kan ti tó fún un. Bó bá ní “àbá méjì,” mẹ́rin kò ní fi máàkì kún un. Ṣe ni àbá méjì tó lè lágbára á di mẹ́rin tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, torí àyè àti àkókò ti pín.

Ìṣòro tó ṣeé dì mú

“Ìdọ̀tí ní ìlú wa” tóbi jù. Kò sẹ́ni tó lè fi ẹgbẹ̀ta ọ̀rọ̀ yanjú rẹ̀, olùkọ́ náà sì mọ̀. Ẹ fún ìṣòro náà ní ibi tó wà, àwọn tó ń jẹ, àkókò tó ń ṣẹlẹ̀ àti àdánù tó ń mú wá, kí gbogbo rẹ̀ sì wọnú gbólóhùn kan. Fún àpẹẹrẹ: “Tí òjò bá rọ̀ láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje, omi ń dúró fún ọjọ́ méjì lójú ọ̀nà tó wọ ọjà wa, àwọn alóúnjẹ etí ọ̀nà kì í sì í rí ibi pàtẹ.” Ẹni tó bá ka èyí ti rí ohun tí ẹ ń sọ. Ó lè bi yín ní ìbéèrè lórí rẹ̀, ó sì lè sọ bóyá ẹ yanjú rẹ̀ tàbí ẹ kò yanjú rẹ̀.

Ẹ̀bìtì méjì wà lójú ọ̀nà yìí. Àkọ́kọ́ ni kí a sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè yí padà di ìṣòro. Òjò kì í ṣe ìṣòro Àjàṣẹ́. Gúúsù Benin ní àkókò òjò méjì lọ́dún, èyí tó gùn láti nǹkan bí oṣù kẹrin dé oṣù keje, èyí tó kúrú láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kọkànlá, àbá kankan kò sì lè dá a dúró. Omi tí kò ráyè lọ sínú ọ̀sà ni ìṣòro.

Ẹ̀bìtì kejì ló ń mú àwọn tó mọ̀wé pàápàá, òun sì ni ojútùú tó gbé ẹ̀wù ìṣòro wọ̀. “Ìṣòro abúlé wa ni pé a kò ní kànga.” Ẹni tó kọ èyí ti mú ojútùú kó tó wádìí ohunkóhun, kò sì sí ohun mìíràn tó lè dábàá ju kànga lọ. Ẹ wo Kétu. Orí ilẹ̀ gíga ló wà, omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ sì jìn, tó fi jẹ́ pé kànga tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ lè gbówó jẹ kó má kan omi. Àmọ́ bí ẹ bá kọ ọ́ báyìí pé “lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn obìnrin àdúgbò yìí ń fi gbogbo àárọ̀ wá omi,” ọ̀nà àbáyọ mẹ́ta ló yọjú lójú kan náà: kànga ẹ̀rọ tó jìn dáadáa, ọ̀pá àti àgbá ńlá tó ń gba omi òjò láti orí òrùlé ilé ìwé, tàbí àtúnṣe ẹ̀rọ omi tó ti wà tẹ́lẹ̀ tó bàjẹ́. Ẹ lè wá fi wọ́n wéra, kí ẹ sì sọ èwo ló kọ́kọ́ yẹ àti ìdí rẹ̀. Nítorí náà, bí gbólóhùn ìṣòro yín bá ní “àìsí” tàbí “a kò ní” nínú, ẹ dá a dúró kí ẹ bi í pé: bí nǹkan náà kò bá sí, kí ló ń ṣe àwọn ènìyàn? Ìdáhùn yẹn gan-an ni ìṣòro.

Okùnfà: ẹ má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá

Ọ̀nà kan wà tó rọrùn láti dé ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ béèrè “kí ló fà á?” kí ẹ sì tún bi ìdáhùn náà ní ìbéèrè kan náà, títí ẹ ó fi kan ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè tó. Ẹ jẹ́ ká fi ọjà inú àpẹẹrẹ wa ṣe é.

Omi dúró lójú ọ̀nà. Kí ló fà á? Gọ́tà kò gbà á mọ́. Kí ló dé tí kò gbà á? Ọ̀rá àti iyanrìn ti dí i. Níbo ni ọ̀rá ti wá? Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀kọ, ata lílọ̀ àti omi tútù. Oníbàárà á jẹ, á mu, á ju ọ̀rá sílẹ̀. Kí ló dé tó jù ú sílẹ̀? Kò rí ibi jù ú sí. Kí ló dé tí kò síbẹ̀? Wọ́n gbé agbọ̀n kan síbẹ̀ rí, ó kún, kò sẹ́ni tó gbé e dànù, ó ń rùn sí ọjà àwọn alóúnjẹ, wọ́n bá ní kí wọ́n gbé e kúrò.

Ẹ wo ibi tí a dé. Ìbéèrè márùn-ún sẹ́yìn, òjò la ń bá wí. Ní báyìí, ohun tó wà níwájú wa ni: ta ló ń kó agbọ̀n náà dànù, ọjọ́ wo, ta ló sì ń san owó rẹ̀? Ìyẹn ṣeé yanjú. Iyanrìn náà ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ẹ ó tọ̀: òjò ló ń wọ́ ọ láti ojú ọ̀nà tí wọn kò tẹ́ òkúta sí, ìyẹn sì jẹ́ okùnfà mìíràn tó ní ẹni mìíràn tó lè yanjú rẹ̀. Okùnfà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rèé fún ìṣòro kan. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, àbá yín náà á dàrú.

Àwọn ìdáhùn kan wà tó máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ìwádìí. “Àìmọ̀kan” jẹ́ ọ̀kan. “Ọ̀lẹ” jẹ́ ọ̀kan. “Ìwà burúkú àwọn ènìyàn” ló burú jù. Okùnfà tó bá ti jọ èébú, ẹ tún un bi léèrè. Ìyá tó ń ju ọ̀rá sí gọ́tà lọ́jà kì í jù ú sí àárín yàrá rẹ̀ nílé. Nǹkan kan wà nínú ọjà tó mú kí gọ́tà jẹ́ ibi tó rọrùn jù, nǹkan yẹn ni kí ẹ wá.

A sì lè bá ìbéèrè náà lọ jù. Kí ló dé tí kò sówó? Ìṣẹ́ ni. Kí ló fa ìṣẹ́? Wọ́n á bọ́ sórí àwọn amúnisìn, wọ́n á bọ́ sórí ọrọ̀ ajé àgbáyé, àròkọ á wá dà bí ìwàásù. Nígbà tí ẹ bá ti kan ohun tí ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí kò lè fọwọ́ kàn, ẹ padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan, kí ẹ dúró síbẹ̀.

Àṣìṣe mìíràn tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n pe àbájáde ní okùnfà. Ẹ̀fọn àti ibà ń tẹ̀lé omi tó dúró. Wọn kò fà á. Bí ó bá ń rú yín lójú, ẹ béèrè èwo ló ṣáájú èkejì. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń yí ara wọn ká ní tòótọ́: omi tó dúró ń ba ojú ọ̀nà jẹ́, ọ̀nà tó bàjẹ́ ń tú iyanrìn sílẹ̀, iyanrìn ń dí gọ́tà, omi á sì tún dúró. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá mú ibi kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tí ó rọrùn jù láti já.

Kí ẹ tó kúrò lórí okùnfà, ẹ wádìí ohun tí wọ́n ti ṣe sẹ́yìn. Òfin 2017-39 ti ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2017 ti fi òfin de ọ̀rá tí kì í jẹrà ní Benin: ṣíṣe é, kíkó o wọlé, títà á àti lílò ó. Ẹni tó bá wá fi “kí ìjọba ṣe òfin tó de ọ̀rá” parí àròkọ rẹ̀ ti fi hàn pé òun kò wádìí. Òǹkọ̀wé tó mọ̀ pé òfin náà wà á béèrè ìbéèrè tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ: kí ló dé tí ọ̀rá ṣì wà lọ́jà lẹ́yìn òfin? Bóyá torí pé ó pọ́ọ́kú. Bóyá torí pé ìyá tó ń ta ata lílọ̀ kò rí nǹkan mìíràn tó lè gba omi ata dúró. Ewé tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ kò lè gbé ata lílọ̀ délé. Okùnfà nìyí, ó sì ń tọ́ka sí ojútùú tí òfin nìkan kò lè mú wá: kí oníbàárà máa gbé ike tirẹ̀ wá sọ́dọ̀ aláta, bí àwọn kan ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rí

Iye tí kò bá ní ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò níyì. “Àwọn ènìyàn Àjàṣẹ́ pọ̀ gan-an” kò sọ nǹkan kan. “Ìkànìyàn ọdún 2013 ka ènìyàn 264,320 ní Àjàṣẹ́” sọ nǹkan, ó sì jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé iye náà ti pẹ́ àti pé ìlú ti lè kún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìṣirò, tí wọ́n ń pè ní INStaD, ló ń gbé irú iye báyìí jáde. Mérì náà ní ìwé tirẹ̀.

Bí ìṣòro yín bá jẹ́ ti àdúgbò kékeré, kò sí ìwé ìjọba tó máa ní iye rẹ̀. Ẹ ka tiyín. Ẹ dúró sí etí gọ́tà kan fún wákàtí kan lọ́jọ́ ọjà, kí ẹ ka iye ọ̀rá tó bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ bi ìyálọ́jà mẹ́wàá pé níbo ni wọ́n ń da ìdọ̀tí wọn sí. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ bí ẹ ṣe kà á: ibi tí ẹ dúró sí, ọjọ́ wo, iye ènìyàn tí ẹ bi. Ẹ̀rí kékeré tí a sọ bó ṣe dé ọwọ́ wa lágbára ju ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá.

Nínú gbọ̀ngán ìdánwò, ẹ kò lè lọ kà á. Ẹ lo ohun tí ojú yín ti rí, kí ẹ ṣe àpèjúwe rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi “ọ̀pọ̀” tàbí “díẹ̀” rọ́pò iye tí ẹ kò mọ̀. Olùkọ́ kì í yọ máàkì nítorí “ọ̀pọ̀.” Ó máa ń yọ ọ́ nítorí iye tí wọ́n hun lórí ìjókòó, torí ó ti rí i nínú ìwé ẹni mẹ́wàá, tí kò sì sí méjì tó bára mu.

Ojútùú

Ẹ wo ìpínrọ̀ yìí, irú èyí tó kún inú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́:

“Ó yẹ kí ìjọba pèsè ohun ìdalẹ̀nù sí gbogbo ọjà, kí wọ́n sì la àwọn ènìyàn lọ́yẹ̀. Àwọn ọlọ́jà náà gbọ́dọ̀ yí ìwà wọn padà. Bí gbogbo wa bá pawọ́ pọ̀, ìlú wa yóò mọ́ tónítóní.”

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ní àárọ̀ ọ̀la lẹ́yìn tó kà á. Ẹ wá fi èyí wé e:

“Kí òjò oṣù kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ ìyálọ́jà lè gbé agbọ̀n ńlá mẹ́rin sí ìlà àwọn alóúnjẹ, níbi tí ọ̀rá ti ń jáde jù. Ká ní agbọ̀n kan jẹ́ 5,000 fránkì, mẹ́rin á jẹ́ 20,000. Bí ogójì ìyálọ́jà bá dá 500 fránkì lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, owó náà pé. Agbọ̀n nìkan kò tó, nítorí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún tí kò sẹ́ni tó gbé e. Nítorí náà, kí ìyálọ́jà kọ̀ọ̀kan tún máa dá 100 fránkì lọ́sẹ̀, kí wọ́n fi 4,000 fránkì náà gba ẹni tó ń fi ọmọlanke kó ìdọ̀tí, kó máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀ tí omi sì fà kí ilẹ̀ tó ṣú, tí kò dúró di ọjọ́ kejì, a ó mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́. Iyanrìn yóò ṣì máa wọlé. Agbára ọjà kò ká ìyẹn, mérì ló lè tẹ́ òkúta sójú ọ̀nà.”

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe ti èdè. Èkejì sọ ẹni tí yóò ṣe é, ibi, ìgbà àti owó, ìṣirò owó náà sì bára mu (ẹ fi ìṣirò ṣàyẹ̀wò tiyín nígbà gbogbo, olùkọ́ á ṣe é). Ó mọ ìdí tí ìgbìyànjú àkọ́kọ́ fi kùnà, ó sì dí ihò yẹn. Ó sọ bí a ṣe máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́. Ohun tó wù wá jù nínú rẹ̀ ni gbólóhùn ìkẹyìn, níbi tó ti jẹ́wọ́ ohun tí àbá náà kò lè ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ̀rù irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé yóò dín àbá wọn kù. Òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀: òǹkàwé tó rí i pé ẹ mọ ààlà àbá yín á gba ìyókù gbọ́.

Bí ẹ kò bá mọ iye owó, ẹ béèrè lọ́jà. Nínú ìdánwò, ẹ lò “ká ní” bí a ṣe lò ó lókè yìí, kí ó hàn pé àpẹẹrẹ ni.

Ọ̀rọ̀ kan lórí “ìjọba.” Ìjọba kì í ṣe ènìyàn kan. Benin ní ìlú-ìbílẹ̀ 77, tí wọ́n ń pè ní commune, Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣàbẹ́ sì wà lára wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe òfin ìṣàkóso ìbílẹ̀ ti oṣù kejìlá ọdún 2021, ọwọ́ secrétaire exécutif (akọ̀wé aláṣẹ) ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ mérì wà. Lẹ́yìn náà ni olórí arọ́ńdísímà (ìpín kan lábẹ́ commune) àti olórí àdúgbò. Omi ẹ̀rọ ìgboro jẹ́ ti SONEB, iná mànàmáná jẹ́ ti SBEE. Ẹni tó kọ “kí ìjọba tún iná ṣe” àti ẹni tó kọ “kí olórí àdúgbò wa kó orúkọ àwọn tí òpó iná wọn ti wó jọ, kó mú un lọ sí ọ́fíìsì SBEE” kò sí ní ìpele kan náà rárá.

Ìlanilọ́yẹ̀ ń kọ́? Òun ni àbá tó rọrùn jù láti kọ, òun la sì ń lò ní ìlòkulò jù. Ó jẹ́ ojútùú nígbà tó bá jẹ́ pé àìmọ̀ ni okùnfà. Bí ìyá kan kò bá mọ̀ pé omi tó mọ́ lójú lè kó àrùn ranni, ẹ là á lọ́yẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ̀ pé ọ̀rá ń dí gọ́tà tí kò kàn rí ibi jù ú sí, gbohùngbohùn tí ẹ gbé kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ní yí nǹkan kan padà.

Ọgbọ́n kan rèé fún ìgbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo “ó yẹ kí,” “a gbọ́dọ̀” àti “wọ́n ní láti.” Bí Faransé lẹ bá ń kọ, “il faut” àti “on doit” ni kí ẹ wá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ “ta ni?” sí etí ìwé. Ibi tí ẹ kò bá ti rí ìdáhùn, ẹ tún gbólóhùn náà kọ tàbí kí ẹ yọ ọ́.

Àtakò

Ìpínrọ̀ kúkúrú kan ti tó. Ẹ mú ohun tí ẹni tó gbọ́n jù láàárín àwọn tí kò gbà yóò sọ, kì í ṣe ohun tó rọrùn láti dá lóhùn. Nínú àpẹẹrẹ wa, kì í ṣe “ìdọ̀tí kò burú.” “Àwọn kan kò ní san 100 fránkì náà, àwọn tó ń san á sì jáwọ́” ni. Ìdáhùn lè jẹ́ pé kí wọ́n gbà á pọ̀ mọ́ owó àjọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń dá tẹ́lẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn sí àtakò tó lágbára, àbá yẹn kò tíì jinná. Ẹ padà sídìí rẹ̀.

Bí a ṣe ń tò ó

Ọ̀nà méjì ló wà. Nínú èyí àkọ́kọ́, ẹ ó kó gbogbo okùnfà síwájú, ẹ ó sì kó gbogbo ojútùú sẹ́yìn. Ó bá ìṣòro tó ní okùnfà kan tàbí méjì mu. Nínú èkejì, okùnfà kọ̀ọ̀kan ń bọ̀ pẹ̀lú ojútùú tirẹ̀, wọ́n á dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín pọ̀. Èyí ló yẹ nígbà tí okùnfà bá pọ̀ tí wọ́n sì yàtọ̀ síra.

Iná oko ní agbègbè Ṣàbẹ́ yẹ fún èkejì. Tí ọyẹ́ bá dé, koríko á gbẹ, iná kékeré sì lè gba inú oko kajú kọjá kí ẹnikẹ́ni tó dé. Àgbẹ̀ tó ń sun oko tuntun ló tan òmíràn. Ojútùú tirẹ̀ ni kó ro etí oko mọ́ yíká kó tó tanná, kó má sì tàn án lọ́sàn-án tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ọdẹ tó ń lé ẹran ló tan òmíràn. Ẹgbẹ́ ọdẹ àti olórí abúlé ló lè bá a sọ̀rọ̀, wọ́n sì lè fẹnu kò lórí ọjọ́ tí kò sí iná mọ́. Darandaran tó fẹ́ kí koríko tutù hù ló tan òmíràn. Ibẹ̀ ni a ti lè sọ̀rọ̀ iná ìṣáájú, èyí tí wọ́n ń sun kété lẹ́yìn òjò, nígbà tí koríko kò tíì gbẹ tán, tí iná kò sì lè lágbára. Bí a bá kó àwọn okùnfà wọ̀nyí síwájú tí a wá kó ojútùú sẹ́yìn, òǹkàwé á ti gbàgbé ọdẹ nígbà tó bá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ti gígùn, àròkọ ẹgbẹ̀ta ọ̀rọ̀ lè pín báyìí: ìfáàrà 60, ìṣòro 90, okùnfà 150, ojútùú 210, àtakò 60, ìkádìí 30. Ẹ rí i pé okùnfà àti ojútùú gba ju ìdajì lọ. Bí ẹ bá ní wákàtí mẹ́ta, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 ka ìbéèrè, 45 sórí brouillon (àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ ń ṣe kí ẹ tó kọ ọ́ gan-an), 90 láti kọ ọ́, kí 30 ṣẹ́kù fún àtúnkà. Àwọn tó fo brouillon ló máa ń rántí okùnfà tó dára jù nígbà tí wọ́n bá ti kọ ojútùú dé ìdajì.

Ìfáàrà kò nílò “Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé.” Ẹ fi ìṣòro náà hàn ní gbólóhùn méjì, kí ẹ sọ okùnfà tí ẹ ó tẹ̀ mọ́ àti ọ̀nà tí ẹ ó gbà, ó parí. Ìkádìí náà kò gbọdọ̀ mú àbá tuntun wá. Bí àbá kan bá yọjú níbẹ̀, ẹ gbé e lọ síbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, tàbí kí ẹ pa á tì.

Kí ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ bo gbogbo rẹ̀, kí ẹ ka ìpínrọ̀ ojútùú nìkan sí etí ẹni tí kò ka ìyókù. Ẹ ní kó sọ ìṣòro tí ẹ ń yanjú. Bó bá sọ ọ́, tó sì sọ ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ lè fi í sílẹ̀. Bó bá ní “bóyá ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ni, bóyá ọ̀rọ̀ ìlera,” ẹ padà sí okùnfà, kì í ṣe sí ojútùú, torí ibẹ̀ ni okùn ti já.